Ẹ̀rọ Tó Ń Béèrè Ọjọ́

Ariwo Ìyáàfin Oyèbísí, nọ́ọ̀sì àgbà, ló gba gbogbo ilé ìwòsàn aboyún wọn kan láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. "Yéè! Wọ́n ti ṣe wá o! Wọ́n ti kó wa tán!" Àwọn nọ́ọ̀sì kékeré rò pé olè ló wọlé. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ rò pé ejò ni, ó ti gun orí àga. Kò sí olè, kò sí ejò. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tọ́jú orúkọ àwọn aboyún sí, àti irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára oníkálukú wọn, ló dúdú lójú bí ìdí ìkòkò. Ìlà Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ló kù lójú rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: "Mo ti tì. Ẹ lọ bá àwọn aláyẹ̀wò."

Bó bá jẹ́ ti orúkọ nìkan ni, à bá ní kí wọ́n tún un kọ. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì lásìkò yẹn gan-an, ó ti bímọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò dá. Wọ́n fẹ́ fún un lẹ́jẹ̀, wọn ò mọ irú tirẹ̀ mọ́. Kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò, ojú obìnrin náà ti ń yí. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá nìyẹn, kó sì tó di ọ̀sán, wọ́n ti ju Sàkáríyà, ọmọkùnrin tó kọ ètò inú kọ̀ǹpútà náà, sí àtìmọ́lé.

Inspẹ́kítọ̀ Mùlíkàt Àyàndá ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́. Opó ni, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, yàrá kan ló ń gbé ní Gárkì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Àbújá ọdún 1988, ẹ mọ ohun tí mò ń wí: títì fẹ̀, ènìyàn kò sí. Tó bá ti di ọ̀sán Ẹtì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á gbé báàgì, ó di Èkó, ó di Ìbàdàn, ó di Ìlọrin, níbi tí ìyàwó àti ọmọ wà. Ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ ni í ṣẹ́kù. Mùlíkàt a máa ṣẹ́kù. Òun nìkan ni mo mọ̀ nínú gbogbo ìlú yẹn tí inú rẹ̀ í dùn tó bá di ọjọ́ Ajé.

"Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú," ni ọ̀gá tésàn wọn wí fún un. "Ọmọ yẹn ló kọ ètò náà. Òun ló bá wọn jà. Lọ́jọ́ Ajé, à ń gbé e lọ kóòtù."

"Ẹ jẹ́ kí n fi àwọn ọjọ́ tó wà láàárín yìí wò ó, sà."

"Ṣé o ò ní lọ sílé ní wíkẹ́ńdì ni?"

Mùlíkàt ti gbé fáìlì ẹjọ́ náà. Ilé wo?

*

Sàkáríyà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àtìmọ́lé, kò ní bàtà lẹ́sẹ̀, kò ní bẹ́líìtì. Akọ̀wé kékeré ni ní iléeṣẹ́ ìjọba kan. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kò ní ará, kò ní ìyekan ní Àbújá.

"Ìwọ lo kọ ètò yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ lo sì sọ fún Ìyáàfin Oyèbísí pé wọn á wá ọ tì?"

Ó gbé orí sókè. "Mo sọ bẹ́ẹ̀, mà. Inú ló ń bí mi. Wọ́n yọ orúkọ mi kúrò lójú ètò náà, wọ́n ń sọ fún àlejò pé dókítà àwọn ló kọ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni mo ṣe é. Orúkọ nìkan ni èrè tí mo ní níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n torí ìyẹn pa ènìyàn? Ẹ gbà mí, mà! Bí mo bá fi lè fojú ba kóòtù báyìí, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Ìyá mi rò pé mo ti di ọ̀gá níbí."

"Báwo ni ètò náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn?"

"Ẹgbẹ́ àwa tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní kọ́bọ́ọ̀dù kan níhìn-ín ní Gárkì, mà. Ẹni tó bá kọ ètò tó wúlò á mú un wá lórí dísìkì. Àwọn aláyẹ̀wò mẹ́ta á gbé e wò, bó bá kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan, á bọ́ sọ́wọ́ èkejì. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Tí wọ́n bá ní ó dára, ó wọ kọ́bọ́ọ̀dù, ó di ti gbogbo ayé. Ẹni tó bá fẹ́ á wá dà á kọ."

"Ta làwọn aláyẹ̀wò náà?"

"Ọ̀gbẹ́ni Jàbárù, tó ń tún ẹ̀rọ taípù ṣe. Ìyáàfin Mùfúlíátù, tíṣà ìṣirò. Àti Bàbá Ọláníyan ní Kubwa, olórí wọn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan ló máa ń bá wa gbé dísìkì lọ fún Bàbá, táá sì gbé e padà."

"Èwo nínú wọn lo fura sí?"

"Kò sí, mà. Ènìyàn dáadáa ni gbogbo wọn."

Mùlíkàt rẹ́rìn-ín díẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú dé ilẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

*

Jàbárù ni inú kọ́kọ́ ń run. Ọmọ Ìlọrin ni, ó sanra, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀. Mùlíkàt ti gbọ́ nílé ìwòsàn pé ó ti gbé ètò tirẹ̀ wá rí, pé ó fẹ́ tà á fún wọn, kí ti Sàkáríyà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tó wá lé e dànù.

"Sànnu, Inspẹ́kítọ̀! Ẹ jókòó! Ẹ mu omi!"

"Mi ò mu omi. Ètò Sàkáríyà ba ọjà yín jẹ́, àbí kò bà á jẹ́?"

"Ó bà á jẹ́. Èmi kẹ̀ á wá torí ìyẹn... Kai! Ẹ wò mí dáadáa!"

"Mò ń wò yín. Ẹ̀ ń làágùn. Ọyẹ́ sì ti ń fẹ́."

Jàbárù fi aṣọ nu iwájú orí. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo òkè àjà, ó tún wo ẹnu ọ̀nà. "Inspẹ́kítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ yìí má dé etí ẹgbẹ́."

"Ẹ sọ ọ́."

"Mi ò yẹ nǹkan kan wò. Bí dísìkì ṣe dé ọwọ́ mi ló ṣe sùn sínú dúrọ́ọ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo fọwọ́ sí i pé ó dára, mo fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, ẹ tún fẹ́ kí n pa ara mi síbẹ̀?"

"Ṣé gbogbo èyí tí ẹ ti fọwọ́ sí rí lẹ ṣe báyẹn?"

"Kì í ṣe gbogbo rẹ̀," ni ó wí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ sọ pé gbogbo rẹ̀ ni.

Ó wu Mùlíkàt láti mú un. Ẹni tó ní ìdí láti ṣe é, tó tún ń làágùn, kí la tún ń wá? Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà lọ́dọ̀ tíṣà.

*

Ọjọ́ Sátidé ni Mùfúlíátù ṣílẹ̀kùn yàrá ẹgbẹ́ fún un. Àgbà obìnrin pẹ̀lẹ́tù ni, ọkọ rẹ̀ wà ní Èkó. Yàrá náà ò ju tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan, àti kọ́bọ́ọ̀dù onígi náà lọ.

"Jàbárù ò ṣí i rárá," ni Mùfúlíátù wí, ó sì mí kanlẹ̀. "Tépù tí Sàkáríyà fi lẹ ẹnu àpòòwé yẹn ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tó dọ́wọ́ mi. Èmi ni mo já a. Mo bo àṣírí ni. Bí a bá lé gbogbo ẹni tó ń ṣe ìmẹ́lẹ́, ta ló máa kù nínú ẹgbẹ́?"

"Ẹ̀yin wá yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Dáadáa. Lórí ẹ̀rọ yìí. Kò ní àbùkù kankan. Mo fi ránṣẹ́ sí Bàbá ní Kubwa, Bàbá ní ó dára, ó wọ kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn mìíràn náà ti dà á kọ, tiwọn ń ṣiṣẹ́ títí di òní."

Ó tan kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ náà kùn, ó kọ ìlà kan sójú. Mùfúlíátù fi ìka tẹ bọ́tìnì ńlá kan lápá ọ̀tún láìwo ibẹ̀.

"Ẹ dúró ná. Kí ló béèrè lọ́wọ́ yín?"

"Àbí ìyẹn? Déètì ni. Ó fẹ́ mọ ọjọ́ tí òní jẹ́. Gbogbo ìgbà tí a bá tàn án ló máa ń béèrè. A kì í dá a lóhùn, a ó kàn tẹ bọ́tìnì yìí, á máa lọ."

"Tí ẹ ò bá dá a lóhùn, ọjọ́ wo ló máa rò pé òní jẹ́?"

"Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1980." Mùfúlíátù rẹ́rìn-ín. "Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ọdún ò yí padà rí."

Mùlíkàt ò rẹ́rìn-ín. Ó ń rántí ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n tan tiwọn lójú rẹ̀, ẹ̀rọ náà ò béèrè ohunkóhun. "Ti àwọn nọ́ọ̀sì kì í béèrè. Kí ló dé?"

"Tiwọn tuntun ni. Bátìrì kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń bá a ka ọjọ́. Ti àwa tí a jẹ́ tálákà ò ní in."

Inspẹ́kítọ̀ náà dìde. Ó rìn lọ sójú fèrèsé, ó rìn padà. Ètò kan náà ni. Níbi tí ẹ̀rọ ti mọ ọjọ́, ó pa ilẹ̀kùn dé. Níbi tí ẹ̀rọ ò ti mọ ọjọ́, kò sí wàhálà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

"Ẹ bá mi pa á, kí ẹ tún un tàn. Tó bá béèrè, lọ́tẹ̀ yìí, ẹ sọ òtítọ́ fún un. Kí ẹ wá ṣí ètò Sàkáríyà."

Mùfúlíátù ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ déètì ọjọ́ náà, oṣù Kọkànlá ọdún 1988. Ó ṣí ètò náà. Ojú kọ̀ǹpútà ṣẹ́ wìì, ó dúdú, ìlà kan sì jáde síbẹ̀: "Mo ti tì. Ẹ lọ bá àwọn aláyẹ̀wò."

"Mo gbé!" Mùfúlíátù fò sẹ́yìn lórí àga. "Ó wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí! Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa!"

"Ó ń dúró de oṣù yìí ni. Ẹni tó sì fi í síbẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀yin ò ní rí i láé, torí ó mọ̀ pé ẹ kì í sọ ọjọ́ fún ẹ̀rọ." Mùlíkàt fa àga súnmọ́ tábìlì. "Ẹ jẹ́ kí n wo ìgbà tí wọ́n kọ gbogbo ohun tó wà nínú dísìkì náà."

Orúkọ wọn jáde, déètì sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oṣù Kìíní 1980. Oṣù Kìíní 1980. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn rí, torí Sàkáríyà ò ní ẹ̀rọ tirẹ̀, yàrá yìí ló ti ń kọ̀wé. Àfi ọ̀kan. Ọ̀kan yẹn kà pé oṣù Kẹjọ ọdún 1988.

"Ṣé ẹ ò rí èyí tẹ́lẹ̀?"

"Inspẹ́kítọ̀, ta ní í wo déètì níbí?"

Mùlíkàt ní kí wọ́n mú Sàkáríyà wá láti àtìmọ́lé, ó sì ránṣẹ́ pe Jàbárù. Kò sọ ohun tó ń wá fún wọn. Ó ní òun fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà ni, kí wọ́n tàn án fún òun. Jàbárù tàn án, ó tẹ bọ́tìnì ńlá bí ẹni lé eṣinṣin. Wọ́n pa á, Sàkáríyà tún un tàn, bọ́tìnì náà ló tẹ̀ kí ìbéèrè tó jáde tán. Ìka ti mọ́ wọn lára.

"Ẹnì kan ló kù," ni Mùlíkàt wí.

"Bàbá?" Mùfúlíátù fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. "Bàbá Ọláníyan ò lè pa eṣinṣin! Ilé wọn la ti ń ṣèpàdé tẹ́lẹ̀ kí a tó rí yàrá yìí gbà. Gbogbo Sátidé. Bàbá á se iṣu sílẹ̀ dè wá."

"Ìgbà wo lẹ lọ síbẹ̀ kẹ́yìn?"

Mùfúlíátù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka oṣù. Ìka rẹ̀ tán.

*

Ọ̀sán Sánńdè ni Mùlíkàt bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Kubwa. Ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n ti ṣí i. Bàbá arúgbó kan ló dúró níbẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ geere, bí ẹni tó ń retí àlejò láti àárọ̀.

"Ẹ wọlé, ẹ wọlé, ọmọ mi! Ẹ káàbọ̀! Ẹ jókòó síbi tó bá wù yín."

Ibi tó wù ú pọ̀. Àga yí tábìlì ká lápá méjèèjì, a ó rò pé ìpàdé fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé. Mùlíkàt kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó. Ó mọ ilé bẹ́ẹ̀ yẹn. Inú irú rẹ̀ ló ti jí láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Bàbá, wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà tó yín. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi."

Ojú bàbá tàn! Ó fà á lọ sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ṣí aṣọ tó fi bò ó. Ó tàn án. Ẹ̀rọ náà béèrè ìbéèrè rẹ̀. Bàbá Ọláníyan gbé ojú sókè wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó wá fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: ọjọ́, oṣù, ọdún.

"Kí lẹ kọ yẹn, Bàbá?"

"Déètì. Rẹ́jísírì ìjọba, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé, ni mo ti lo ayé mi. Kò sí ìwé tó kọjá lọ́wọ́ mi láìní déètì. Àwọn ọmọ Gárkì yẹn kì í kọ ọ́. Mo bá wọn wí títí, ó sú mi."

"Wọn kì í kọ ọ́, lóòótọ́," ni Mùlíkàt wí jẹ́jẹ́. "Ìdí nìyẹn tí mo fi wá, Bàbá. Ọlọ́pàá ni mí."

Ọwọ́ bàbá dúró lórí bọ́tìnì.

"Ẹnì kan ṣí ètò Sàkáríyà ní oṣù Kẹjọ, ó fi ìdè sínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé àwọn ará Gárkì kì í dáhùn ẹ̀rọ wọn, torí náà wọn ò ní rí i. Ó ní láti sọ ọjọ́ fún ẹ̀rọ tirẹ̀ kó tó lè mọ̀ bóyá ìdè náà múná. Déètì yẹn ló lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ẹgbẹ́, ẹ̀yin nìkan lẹ ń kọ déètì." Ó wo àwọn àga náà. "Ohun kan ni kò yé mi. Olè tó ti ilẹ̀kùn mọ́ onílé, kí ló dé tó tún ń sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà? Gbogbo ènìyàn rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, títí mo fi rí àwọn àga yìí."

Bàbá fa aṣọ padà bo ẹ̀rọ náà.

"Mi ò pa nǹkan kan rẹ́. Mo kàn tì í ni. Ọ̀rọ̀ kan ló máa ṣí i. Mo ní bí àwọn ẹ̀rọ tuntun bá ti ń tì, wọ́n á máa gbé e wá. Ẹnì kan á dé lónìí, ẹnì kan lọ́la. Wọ́n á jókòó. Màá ṣí i fún wọn, a ó jẹun. Dísìkì nìkan ló ń wá sílé mi láti ọjọ́ yìí, ọmọ mi. Awakọ̀ á nà án sí mi lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì, kì í tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì."

"Obìnrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, Bàbá. Irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà nínú ohun tí ẹ tì."

Bàbá yí ojú sí i gìrì. Kò mọ̀. Ẹnu rẹ̀ là, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ láìsí ìró.

"Ti Sàkáríyà ńkọ́? Ẹ gbọ́ pé ó wà látìmọ́lé?"

"Awakọ̀ sọ fún mi lọ́jọ́ Ẹtì."

"Ẹ sì jókòó síhìn-ín!" Inú bí Mùlíkàt, ó bí i gan-an. "Ọmọ ọlọ́mọ ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fẹ́ gbé e lọ kóòtù lọ́la, ẹ sì ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì!"

"Ojú ló tì mí. Mo ní bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn, màá sọ ọ́. Kò sí ẹni tó kàn án."

Wọ́n jọ wọ bọ́ọ̀sì padà. Nílé ìwòsàn, bí Ìyáàfin Oyèbísí ṣe ń bú u, bàbá jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Káàbọ̀." Orúkọ àwọn aboyún sì tò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó sọnù.

*

Sájẹ́ǹtì Láníyì ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ní tésàn. Ó ti kó bàtà àti bẹ́líìtì Sàkáríyà fún un. Ọmọ náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń so okùn bàtà, nígbà tí Mùlíkàt mú bàbá wọlé. Wọ́n ti sọ ohun gbogbo fún un. Ó wo bàbá lẹ́ẹ̀kan, ó padà sídìí okùn bàtà rẹ̀.

"Bàbá," ni Láníyì wí, "ọ̀gá ní kí ẹ sùn sílé títí ìgbà ẹjọ́, nítorí ọjọ́ orí yín, tí a bá rí onídùúró. Ta la máa ránṣẹ́ sí?"

Bàbá fọwọ́ tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tẹ́.

"Àwọn ọmọ yín ńkọ́?"

"Wọ́n ti kó kúrò ní ilé tí mo mọ̀."

"Ará àdúgbò? Ará ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ yín ní Àbújá, Bàbá. Orúkọ kan péré."

Bàbá Ọláníyan gbé ojú sókè bí ẹni tó ń ka nǹkan lára àjà. Mùlíkàt náà ń wá orúkọ. Kì í ṣe ti bàbá ló ń wá. Bí wọ́n bá mú òun síwájú káńtà yìí lónìí, tí Láníyì bi òun ní ìbéèrè yìí, orúkọ ta ni òun máa dá?

"Sàkáríyà," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde.

Láníyì pariwo. "Ẹ gbọ́ mi ná! Ọmọ tí ẹ fẹ́ rán lẹ́wọ̀n? Orí yín pé báyìí, Bàbá?"

"Òun nìkan ni orúkọ tó wá sí mi lọ́kàn."

Sàkáríyà so okùn bàtà kejì tán. Ó dìde, ó kọjá lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró síbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń wo títì tí kò sí ènìyàn kankan lórí rẹ̀. Ó wá yí padà.

"Mi ò tíì dárí jì yín o, Bàbá. Kí ó yé yín." Ó súnmọ́ káńtà. "Sájẹ́ǹtì, níbo ni kí n fọwọ́ sí?"

Mùlíkàt na bírò sí i. Òun fúnra rẹ̀ ṣì ń wá orúkọ tí òun náà máa dá.